Lẹ́tà sí Àkànní, tó fẹ́ kọ́lé sí Ìbàdàn

Àkànní, àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé o ti san àsansílẹ̀ owó ilẹ̀ ní ọ̀nà Mọ́níyà, bíríkìlà sì ti ń bi ọ́ léèrè ọjọ́ tí wọn yóò wa ìpìlẹ̀. Ní kó ní sùúrù. Òkè àti àfonífojì ni Ìbàdàn, omi ló sì mọ ojú ilẹ̀ rẹ̀ jù. Ibi tí omi ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ rẹ, iye omi tí wọ́n á bù sí kọnkéré, àti ibi tó o máa gbẹ́ kànga sí, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ yanjú. Táìlì tó o ti ń yàn lórí fóònù lè dúró.

Má fi ojú ẹ̀ẹ̀rùn wo ilẹ̀. Ní oṣù Kejì, àkùrọ̀ pàápàá máa ń gbẹ. Padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, oṣù Kẹsàn-án dára. Wo ìdí ògiri àwọn aládùúgbò, omi tó bá ti dé ibẹ̀ rí a máa fi ilà ẹrẹ̀ sílẹ̀. Bí kókò bá ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín, omi ò jìnnà sí ojú ilẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wá àgbàlagbà kan ní àdúgbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú, tàbí ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí àgbàrá gbé afárá lọ. Má bi wọ́n pé ṣé omi máa ń yalé níbí, ẹni tó ń retí aládùúgbò tuntun á ní rárá. Béèrè pé, “Lọ́dún 2011, ibo lomi dé?” Ẹni tó wà níbẹ̀ á nawọ́ sí i fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò ní gùn lẹ́nu mi. Gba ìwé sọ̀fè lọ́wọ́ sọ̀féyọ̀ tó ní àṣẹ, mú un lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgodi kí wọ́n bá ọ wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Kó o sì gba àṣẹ ìkọ́lé kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, kí wọ́n má baà wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri rẹ.

Ó kan ìpìlẹ̀. Fún ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta lórí ilẹ̀ tó le, kòtò tó fẹ̀ ní íǹṣì 27, tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, pẹ̀lú kọnkéré tó nípọn ní íǹṣì 9 nísàlẹ̀, ló sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀pù kọ́ ló ń sọ ibi tí wọ́n á ti dúró. Kí wọ́n wa ilẹ̀ dúdú kúrò títí wọ́n á fi kan ilẹ̀pa gidi. Mú rọ́ọ̀dù kan, fi gún ìsàlẹ̀ kòtò. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, iṣẹ́ ṣì kù. Bí omi bá ń sun nínú kòtò, tàbí tó jẹ́ pé amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì lẹ bá níbẹ̀, ẹ dúró, kó o pe íńjínníà. Bíríkìlà á ní kẹ́ ẹ da òkúta sí i kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wú lójò, a sì máa súnkì lẹ́ẹ̀rùn, igun fèrèsé lo ti máa kọ́kọ́ rí i tí ògiri ń sán. Íńjínníà lè ní ráfútù lẹ máa ṣe, ìyẹn kọnkéré kan ṣoṣo tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé. Ó wọ́n, àmọ́ ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń padà tún ṣe lẹ́yìn tó ti kan páànù.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìpo kọnkéré. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó bí lítà 35. Ní kí kápẹ́ńtà kan àpótí pákó tí kò ní ìdí fún ọ, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 33, kó fẹ̀ ní 33, kó ga ní 33. Ẹ̀kún àpótí yẹn kan bá àpò kan dọ́gba. Fún ìpìlẹ̀, òpó àti líńtẹ̀lì (kọnkéré tó máa ń wà lókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn), ẹ po àpò kan, yanrìn àpótí méjì, gíránáìtì àpótí mẹ́rin. Bí wọ́n bá ní ṣọ́bìrì làwọn fi ń wọ̀n ọ́n, má gbà. Ṣọ́bìrì àárọ̀ àti ṣọ́bìrì ìrọ̀lẹ́ kì í kún bákan náà.

Omi ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan fún àpò kan, kó má jù bẹ́ẹ̀, bí yanrìn bá sì ti tutù, kẹ́ ẹ dín in kù. Àwọn lébúrà fẹ́ràn kí kọnkéré máa ṣàn bí ọ̀gì, torí ó rọrùn láti dà. Omi tí sìmẹ́ńtì ò lò á gbẹ jáde tó bá yá, á sì fi ihò tín-tìn-tín sílẹ̀ káàkiri. Ihò yẹn ni omi ilẹ̀ máa gbà lọ bá irin, tí irin á dípẹtà, tí kọnkéré á máa bó. Ohun tẹ́ ẹ bá ti pò, ẹ dà á kó tó pé wákàtí kan. Èyí tó bá ti ń le, kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i láti jí i.

Kí típà yanrìn tó já ẹrù, bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kó dé ìdajì. Da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, mì í dáadáa, gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ẹrẹ̀ á dúró lókè. Bí yanrìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 8 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí típà máa gbé e lọ. Awakọ̀ á bínú, àmọ́ ilé rẹ ni.

Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9, má jẹ́ kí wọ́n mọ ju 30 lọ nínú àpò kan, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje lábẹ́ ibòji. Ògiri mítà kan níbùú àti lóròó ń jẹ nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá. Èyí tó o bá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, fi ìṣó ha ara rẹ̀, èyí tó bá ń da yanrìn sílẹ̀ kò tíì di búlọ́ọ̀kù.

Irin ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Rọ́ọ̀dù 12 (mìlímítà 12 ni ìnípọn rẹ̀) tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wúwo tó kílò 10.7, ti 16 yẹ kó tó kílò 19. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù kan rọ́ọ̀dù 12 kì í ju nǹkan bí 94 lọ, ti 16 kì í ju nǹkan bí 53. Bí ọlọ́jà bá ka 105 fún ọ, tó o wá ń dúpẹ́ pé wọ́n ṣe èènì, irin tín-ín-rín lo rà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó, bísíkíìtì kọnkéré, ìyẹn ègé kọnkéré kéékèèké, ni kí wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀, íǹṣì méjì nínú ìpìlẹ̀, íǹṣì kan lábẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré. Ègé pákó a máa jẹrà síbẹ̀, omi á sì rí ojú ọ̀nà.

Ilẹ̀pa ni kẹ́ ẹ fi kún inú ìpìlẹ̀, íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ sì máa gún un kẹ́ ẹ tó da òmíràn lé e. Oògùn ikán ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tó nípọn, kẹ́ ẹ tó da Jámánì flọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ inú ilé. Bí ọ̀rá yẹn ò bá sí, omi ilẹ̀ á máa fà gòkè, ọ̀dà á máa bó nídìí ògiri lọ́dọọdún, wọ́n á sì máa tà ọ̀dà tó gbówó lórí fún ọ.

Kànga àti sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń fà sí, ńkọ́? Kó tó mítà 30 láàárín wọn. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ́nà 100 kò gùn ju nǹkan bíi mítà 30 lọ, ìyẹn ni pé bí kànga bá wà ní igun iwájú, sọ́kàwéè gbọ́dọ̀ lọ sí igun ẹ̀yìn ní òdìkejì, ní apá ibi tí ilẹ̀ dà sí. Kó o sì yọjú wo ẹ̀yìn fẹ́ńsì, torí sọ́kàwéè aládùúgbò lè sún mọ́ kànga rẹ ju tìrẹ lọ. Oṣù Kejì sí Ìkẹta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ kànga, nígbà tí omi ti lọ sísàlẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lójò lè gbẹ tán lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n sì lè bá àpáta pàdé, kẹ́ ẹ ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilẹ̀ rírọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ì bá bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí omi ti fà. Ọyẹ́ máa ń tètè gbẹ kọnkéré, ẹ fi àpò tó tutù bò ó fún ọjọ́ méje. Kí wọ́n ri rọ́ọ̀dù 10 sínú líńtẹ̀lì, kó yọ orí jáde, òun ni wọ́n máa fi di igi òrùlé mọ́lẹ̀ kí ìjì oṣù Kẹta tó dé. Bó o bá lọ ra pákó ní Bódìjà, mú èyí tó ti gbẹ.

Kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́, ya fọ́tò ìsàlẹ̀ kòtò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí tẹ́ẹ̀pù hàn nínú rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.