Fífi Ọkọ̀ Dínà Omi Lásìkò Ogun, Kò Rọrùn Bẹ́ẹ̀ O

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Tọ́rọ̀ ogun orí omi bá ti délẹ̀ báyìí, ẹnì kan á ṣáà sọ pé ṣebí kí wọ́n kàn wá ọkọ̀ àlòkù kan, kí wọ́n rì í sẹ́nu ibi tọ́kọ̀ ọ̀tá ń gbà jáde, ó parí. Ó parí kẹ̀?

Ẹ wo èbúté Zeebrugge ní Belgium, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Ibẹ̀ làwọn Jámánì ń gbà kó ọkọ̀ abẹ́ omi wọn jáde sókun, làwọn Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ogun mẹ́ta tó ti gbó, Thetis, Intrepid àti Iphigenia, wọ́n rọ kọnkéré sí wọn níkùn, wọ́n já wọbẹ̀ lóru April 23, 1918, Roger Keyes ni ọ̀gá wọn. Thetis ò tiẹ̀ débi tí wọ́n rán an, ìbọn ti dá batani sí i lára kó tó débẹ̀. Àwọn méjì yòókù wọlé lóòótọ́, wọ́n sì rì sínú ibẹ̀, àwọn ará ilé ń yọ̀, wọ́n fún èèyàn mẹ́jọ ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ táwọn Jámánì fi gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tómi bá ti kún báyìí, ọkọ̀ wọn á rọra fẹ̀gbẹ́ kọjá. Èèyàn tó lé ní 200 ló bá a lọ o! Ti Ostend, èbúté mìíràn ní Belgium, lóru ọjọ́ yẹn kan náà, ká ní ẹ̀mí ò lọ sí i ni, èèyàn ì bá rẹ́rìn-ín: àwọn Jámánì ti sún àmì tó ń léfòó lójú omi kúrò láyè ẹ̀, ọkọ̀ méjì tó wá dínà ń tẹ̀ lé àmì yẹn lọ, ó di orí iyanrìn.

Ẹni tó bá fẹ́ fọkọ̀ dínà, ó gbọ́dọ̀ dá a dùbúlẹ̀ síbi tó há jù, nínú òkùnkùn, kómi máa tì í, kí wọ́n sì máa yìnbọn lù ú. Merrimac, ọkọ̀ tàwọn Amẹ́ríkà fẹ́ fi dí ọkọ̀ ogun Sípéènì mọ́ èbúté Santiago de Cuba, ṣe tiẹ̀ ní June 3, 1898, ìbọn àwọn Sípéènì ba ohun tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ jẹ́, omi gbé e kọjá ibi tó há, ó lọ rì síbi tí ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n mú Hobson tó jẹ́ ọ̀gá inú ọkọ̀ náà àtàwọn méje tó bá a lọ. Nígbà tó di July 3, ibẹ̀ náà lọkọ̀ ogun Sípéènì gbà jáde.

Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi ni ibi tónílé bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ tilẹ̀kùn. Àwọn Rọ́ṣíà ri ọkọ̀ ogun tiwọn fúnra wọn sẹ́nu èbúté Sevastopol ní 1854, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ò sì ráyè wọlé. Nasser, olórí Íjíbítì, náà ṣe é ní ọ̀nà omi Suez ní 1956, ó di April 1957 kọ́nà tó là.

Síbẹ̀ onílé náà lè gbàgbé àlàfo sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ri ọkọ̀ dí àwọn ẹnu ọ̀nà Scapa Flow, ibùdó ọkọ̀ ogun wọn ní Scotland, àmọ́ ní October 14, 1939, Günther Prien, ọ̀gá ọkọ̀ ará Jámánì, gbé ọkọ̀ abẹ́ omi U-47 gba Kirk Sound, ọ̀kan lára àwọn ẹnu ọ̀nà yẹn, ó yọ́ gba àárín ọkọ̀ tí wọ́n rì síbẹ̀ wọlé, ó ri Royal Oak, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn tó lé ní 800 ṣègbé. Ìgbà yẹn ni Churchill, tó ń darí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wá ní kí wọ́n fi òkúta àti kọnkéré dí i pa. Mọ́tò ló ń gba orí ẹ̀ lónìí, àwọn ọkọ̀ tó ti dógùn-ún sì ń yọrí lómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.