Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Aláró sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Ìkòkò Aró Tí Wọ́n Fọ́

Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

Pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ni àwa ìyá aláró àti oníṣòwò àdìrẹ ìlú Abẹ́òkúta fi kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Òkè Olúmọ, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni wọ́n ń bèèrè, bóyá ni ilé kan sì wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí owó aró kò rán ọmọ kan níléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán wọn ya wọ ibi tí a ti ń rẹ aṣọ. Wọ́n ní àwa là ń dí gọ́tà tí omi fi ń ya wọlé, àwa náà là ń ba omi odò jẹ́. Wọn kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ìkòkò mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi òòlù fọ́, méjì nínú wọn sì jẹ́ ogún tí ọ̀kan nínú wa jẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Aró inú àgbá, gọ́tà ni wọ́n dà á sí. Ọlọ́lá, ẹ dákun, ẹ bá wa rò ó: aró tí à bá fi odidi oṣù kan lò ni wọ́n dà nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ṣàn wọ odò Sokori, tí Sokori sì gbé e wọ Odò Ògùn, odò kan náà tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ ní Àkútè fún àwọn ará Èkó láti mu. Bí ẹnikẹ́ni bá ba omi jẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àwa.

A kò sọ pé ọwọ́ wa mọ́ tán. Ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá ńlá wa ń lò láyé àtijọ́. Sódà tí a ń pò mọ́ aró báyìí le, ó ń bó wa lọ́wọ́, kò sì yẹ kó wọ odò. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ̀wé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí ẹ bá wa gbẹ́ kòtò tí omi aró yóò ti máa silẹ̀ kó tó ṣàn lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní ọ́fíìsì yín, a kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní ti omíyalé, ẹ̀rù oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí àgbàrá gbé ènìyàn lọ nílùú yìí, ṣì ń bà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ilé tí àwọn ènìyàn ńlá kọ́ sí bèbè odò ló dí ọ̀nà omi. Aró kì í dí gọ́tà, ṣíṣàn ló ń ṣàn.

Kí òòlù náà tó dé ni ìyà ti ń jẹ wá: omi ẹ̀rọ kò yọ lọ́dọ̀ wa, ayédèrú àdìrẹ láti Ṣáínà sì gba ọjà Ìtòkú kan.

Nígbà tí Aláké àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de sódà ní àwọn ọdún 1930, ìwé ẹ̀bẹ̀ bí irú èyí ni àwọn ìyá wa kọ, títí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1936. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde tako owó orí, èyí tí kò yẹ ká máa rán irú yín létí.

A bẹ̀ yín, ẹ san owó ìkòkò wa, ẹ gbẹ́ kòtò náà, kí ẹ sì máa kọ̀wé sí wa kí òòlù tó dé. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé tí a kò gbọ́ èsì, gbogbo wa yóò fẹsẹ̀ wa wá gbà á. Àwọn àpáàdì náà ṣì wà nílẹ̀, a ti kó wọn jọ.

Àwa tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ìyálóde Ẹgbẹ́, Akọ̀wé àti Akápò