Àbẹ̀kẹ́, ó ku díẹ̀ kí n parí

Òkè-Àdó, Ìbàdàn,
Ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Tóbi, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù o, nítorí mo mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an ni òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Manchester. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù nígbà tí ìwọ ń sáré lọ sí iṣẹ́ òru, tí èmi náà sì ń wá ọkọ̀ lójú títì. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ìwọ lo jókòó tì mí ní ọjọ́ tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù National Open University, yunifásítì tí mò ń kà yìí, ní ọdún 2019, tí o sì sọ pé bí mo bá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìwọ yóò padà wá sílé wá bá mi jà.

Mo ti ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo forúkọ sílẹ̀ fún láti ọdún mẹ́fà wá, kò sí èyí tí mi ò tíì ṣe mọ́. Ohun tó kù ni àpilẹ̀kọ àṣekágbá, tí mo ti kọ orí méjì nínú rẹ̀, àti máàkì kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí kò jáde. Máàkì yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Statistics ni kọ́ọ̀sì náà. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sún un síwájú, tí mo ń fi àwọn mìíràn ṣáájú rẹ̀, títí kò fi sí ibi tí mo lè sún un sí mọ́. Mo kọ́ ọ fún oṣù mẹ́rin gbáko, láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà tí ilé máa ń jí, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wọ yàrá ìdánwò. Yàrá náà kún fún àwa tí a ti dàgbà: nọ́ọ̀sì kan tó gba ibi iṣẹ́ òru wá tòun taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ọlọ́pàá kan tó rọra fi fìlà rẹ̀ sí abẹ́ àga, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Agodi Gate, tí epo dúdú ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà tí iná lọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa okùn ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn ilé, tí yóò hó díẹ̀, tí yóò tún dákẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ wa ní kí ẹnikẹ́ni má dìde, ó sì kọ nọ́ńbà gbogbo wa sínú ìwé kan. Nígbà tí iná dé, aago ojú kọ̀ǹpútà mi ṣì wà ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, àwọn ìdáhùn mi sì wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, mo sì fi ojú ara mi rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ mi ti wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí máàkì jáde, àwọn méjìlá nínú àwa mẹ́rìndínlógún rí tiwọn. Àwa mẹ́rin tó kù kò rí ohunkóhun, àfi bí ẹni pé a kò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ rìnrìn àjò. Ní ìgbà kẹta, mo kọ lẹ́tà, mo so àwòrán ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà mọ́ ọn, ọmọbìnrin kan tó ní sùúrù sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí mo mú dání. Ẹ̀dà náà wà nínú Bíbélì mi báyìí. Bí máàkì náà kò bá jáde kí oṣù kọkànlá tó parí, orúkọ mi kò ní sí lára àwọn tí yóò gboyè ní ọdún tó ń bọ̀, n ó sì tún dúró de ọdún mìíràn. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé ọdún kan kò jẹ́ nǹkan lójú ẹni tó ti fi mẹ́fà ṣe é. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìwọ mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 1983 tí ìjọba Ṣágàrí dá yunifásítì wa yìí sílẹ̀, èyí tí kì í béèrè pé kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀, bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ sínú páálí bàtà láti fi wọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun tì í pa. Ọdún 2001 ni Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde, àwọn ọmọ márùn-ún sì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn bàbá mi nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni páálí bàtà ṣe di ti owó ilé ìwé wa. Nígbà tí Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí oyè, tó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 2018, bàbá mi gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọdún kejì ni mo lọ gba fọ́ọ̀mù. Bí mo bá sì rántí àwòrán yẹn nísinsìnyí, tí mo tún ṣí ojú ewé máàkì tí mo bá ibẹ̀ lófìfo, omi a máa bọ́ lójú mi.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn. Bàbá Táyọ̀ ń gbìyànjú gidigidi. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ àti owó dátà ti di ohun tí à ń ṣírò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún mi rí pé kí n dá a dúró. Àwọn ló ń jí Táyọ̀ lọ sí ilé ìwé ní gbogbo àkókò ìdánwò mi, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń ro àmàlà tí kò ní kókó. Táyọ̀ alára ló kọ́ mi bí a ṣe ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ń fi ìka tọ́ mi sọ́nà, ó ń wí pé, “Màámi, ẹ tẹ ibí yìí, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn.” Ní ti àgùnbánirọ̀ tí o béèrè, mo ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún mi.

Ẹ̀kọ́ náà sì ti wúlò kí ìwé ẹ̀rí tó dé. O mọ̀ pé ọ̀gá wa ní ilé ìtẹ̀wé kì í kọ iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ní káàdì ìkésíni ọgọ́rùn-ún péré lòun fẹ́ tẹ̀, wọn yóò gbà á. Lẹ́yìn tí mo ka kọ́ọ̀sì ìṣirò ìnáwó, mo mú ìwé owó ọdún kan, mo sì pín ìnáwó orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì: èyí tó ń pọ̀ sí i bí iye ìwé bá ṣe ń pọ̀ sí i, bí bébà àti yíǹkì, àti èyí tí kì í yí padà, ì báà jẹ́ 100 là ń tẹ̀, ì báà sì jẹ́ 1,000, bí owó pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ ìwé, àti wákàtí tí a fi ń to ẹ̀rọ. Mo fi han ọ̀gá pé lórí iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún, owó pléètì nìkan ti ń jẹ èrè tán kí a tó tan ẹ̀rọ. Wọ́n wo ìwé náà pẹ́, wọ́n pe àwọn tó ń gba iṣẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n má gba ohun tó bá dín ní 300 mọ́. Dìpúlómà tí mo gbà ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo fi ń kọ owó sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí ló kọ́ mi láti bi owó náà léèrè ọ̀rọ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ti bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ́níyà ti parí òrùlé ilé wọn. Ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń sàn.

Ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ló wá kù. Ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà, tí a kì í rí ara wa ju orí fóònù lọ, bi mí pé kí ni mo mọ̀ nínú òwò tí àwọn mìíràn kò mọ̀. Mo ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ alájọ tí Màmá rẹ ń ṣe ló sì wá sí mi lọ́kàn, bí a ṣe máa ń tẹ̀ lé wọn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Bódìjà lẹ́yìn ilé ìwé, tí ìwọ ń gbé àpò, tí èmi ń mú bíró, tí àwọn aláta sì ń pe èmi náà ní ọmọ alájọ. Orí àjọ ni mo ń kọ̀wé lé. Mo ti ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá ń dá ₦10 lójúmọ́ nígbà yẹn yóò dá ₦310 ní ọjọ́ 31, yóò kó ₦300, Màmá yóò sì mú ₦10 ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn, èyí tó lé díẹ̀ ní ₦3 nínú ₦100. Ìbéèrè tí mò ń tọ pinpin ni ìdí tí obìnrin tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú òwò yóò fi san owó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó, nígbà tí báǹkì ń lé èlé lórí tirẹ̀. Àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ ní ọjà ń sọ ohun tí èmi pẹ̀lú rẹ rí lójú wa: báǹkì kì í wá sí ìsọ̀, kì í sì í gbọ́ pé ara ọmọ kò yá. O rántí ìyá elélùbọ́ tó sọkún níwájú Màmá, tí wọ́n ka gbogbo ohun tó ti dá fún un lọ́jọ́ kejìlá oṣù, tí wọ́n sì dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tó gbé ní Ifẹ̀ ní ọdún 1937, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n èsúsú ló kọ nípa rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ti ń dá iye kan náà tí wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún rántí ohun tí o sọ nípa àwọn ará Jàmáíkà ibi iṣẹ́ rẹ tí wọ́n ń dá irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní pardner. Mo kà á pé susu ni àwọn ará Trinidad ń pè é, orúkọ tó sún mọ́ tiwa pẹ́kípẹ́kí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà ń béèrè ni ìwé owó alájọ kan gan-an, tí ènìyàn lè fi ojú rí.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin Màmá, mo rí ọ nígbà tí ò ń kó àwọn káàdì àjọ àti ìwé ńlá aláwọ̀ ewé náà sí abẹ́ aṣọ nínú báàgì rẹ. Mi ò sọ̀rọ̀ nígbà náà, mi ò sì bi ọ́ léèrè láti ìgbà náà, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ Màmá wà lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ń bẹ̀ ọ́ báyìí, bí ọkàn rẹ bá gbé e láti ṣí i, bá mi ya àwòrán ojú ìwé mẹ́wàá àti káàdì méjì tàbí mẹ́ta. N ó pa orúkọ gbogbo àwọn oníṣòwò inú rẹ̀ rẹ́. Orúkọ Màmá nìkan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, ní ojú ìwé ìmoore, bí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbà fún mi. Bí ẹ kò bá gbà, n ó kọ ọ́ láìdárúkọ, n kò sì ní bínú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkàn rẹ kò tíì gbé e láti ṣí báàgì náà, sọ fún mi kí ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá tó pé, kí n lè wá alájọ mìíràn tí yóò ṣàánú mi.

Tí o bá máa ya àwòrán náà, gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Bíró aláwọ̀ búlúù ni Màmá fi ń fa ilà, ó sì ti ń ṣá nígbà tí mo rí i kẹ́yìn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́.