Ẹ Sọ̀kalẹ̀ Nínú Bọ́ọ̀sì, Ẹ Wọ Tẹ́ńpìlì Yẹn

Olótùú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń bá tuọ́ọ̀ lọ Íjíbítì ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Nígbà tá a dé tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó wà nílùú Luxor, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nínú iye tí gbogbo wa san o, àwọn kan láwọn ò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ilé òrìṣà ni, wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń tẹ fóònù títí a fi jáde. Ó dùn mí gan-an ni, torí owó kékeré kọ́ lèèyàn ń kó jọ kó tó rin irú ìrìn yẹn.

Lóòótọ́ ilé òrìṣà ni, Amun, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ni wọ́n kọ́ ọ fún, ìyẹn ò níyàn nínú. Àmọ́ ta ló ń bọ Amun níbẹ̀ lónìí? Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú tẹ́ńpìlì Luxor yẹn rí, mọ́ṣáláṣí Abu Haggag sì wà nínú ẹ̀ títí dòní, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ti bo tẹ́ńpìlì náà mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, ìgbà tí wọ́n wá kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò ni ilẹ̀kùn ẹ̀ àtijọ́ bá kù sókè téńté, kò sí bí ẹsẹ̀ ṣe lè débẹ̀ mọ́. Ní tẹ́ńpìlì Philae lọ́dọ̀ọ ìlú Aswan náà, àwọn onígbàgbọ́ sọ ilé Isis, òrìṣà obìnrin wọn, di ṣọ́ọ̀ṣì, àgbélébùú tí wọ́n gbẹ́ wọnú òkúta ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn òòṣà tí wọ́n fi irin họ ojú wọn dànù ṣì wà lára ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ sáré wọ Karnak, tẹ́ńpìlì Amun míì tó wà ní Luxor náà. Gbogbo èèyàn ló máa ń ya fótò òpó 134 tó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí àwọn 12 tó wà láàárín ga tó mítà 21. Àmọ́ ẹ yí sápá gúúsù, ẹ bi gáìdì níbi tí Shoshenq ọba Íjíbítì gbẹ́ orúkọ àwọn ìlú tó lóun ṣẹ́gun sí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló gbà pé òun ni Ṣíṣákì tó gbógun ti Jerúsálẹ́mù láyé Rehoboamu, ó wà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 14. Orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan wà nínú àwòrán odi ìlú, ẹlẹ́wọ̀n kan yọ orí àti àyà lókè ẹ̀, wọ́n ti so ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Mo dúró níwájú ògiri yẹn títí gáìdì fi ń pè mí.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti álífà tẹ́ ẹ ń kó èèyàn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wọn nílé kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò bá sì gbà á, kò burú, àmọ́ kó tètè sọ, kí wọ́n yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn