Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Fíìmù Òṣogbo Lórí Yàrá Ohùn àti Ìwé Àṣẹ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Ní 1964 ni Dúró Ládípọ̀ ti gbé eré Yorùbá láti ìlú yìí lọ sí Bẹ̀líìnì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sì ti ya 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Àkókò tó kí àwọn ọmọ wa jẹ nínú rẹ̀.

Bí ará òkè òkun bá fẹ́ bá wa ṣe fíìmù pọ̀, ohùn ló sábà máa ń dá wa dúró, kì í ṣe àwòrán. Wọ́n á ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré dá wà, kí orin àti ariwo àyíká náà dá wà, kí wọ́n lè fi èdè tiwọn rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìkùn jẹnẹrétọ̀ máa ń rọ́ mọ́ ohùn ọkùnrin. Bí a bá ní ká yọ ọ́, àmì ohùn á bá a lọ. “Gbé ọkọ̀ wá” ni òṣèré wí, àbí “gbé ọkọ́ wá”? Ìró nìkan ló yà wọ́n.

Èyí tá à ń kọ sábẹ́ àwòrán náà ńkọ́? Ìlà méjì ni, lẹ́tà bí 42 ní ìlà kan. Bí a kò bá fi UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà onírúurú èdè, tọ́jú rẹ̀, “ẹ́” àti “ọ̀” á di jágbajàgba lójú olùwòran. Ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ àmì í fi sí i lórí kọ̀ǹpútà, ló yẹ iṣẹ́ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní yàrá kan tí kò kọjú sí títì, pẹ̀lú iná sólà tó lè gbé kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Àwa fúnra wa á fi fóòmù àti aṣọ tó nípọn bo ògiri. Ọmọ 16 la ó máa kọ́ fún oṣù mẹ́ta, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí ìwé àṣẹ yíya fíìmù jẹ́ ẹyọ kan, pẹ̀lú rìsíìtì. Owó tí wọ́n ń gbà lójú títì láìsí rìsíìtì, àlejò kò lè rí i kọ sínú ìṣirò rẹ̀. Ìlú mìíràn ló ń gbà lọ. Kí ìwé náà sọ ọ́ pé òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àti pé ẹ̀dà ohùn àti àwòrán yóò kù sí Òṣogbo, lórí dísìkì méjì, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dísìkì máa ń kú láìdágbére.

Ọjọ́ tí ẹ bá pè wá, a ó gbé ẹ̀rọ dání, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọkọ̀ àti ọkọ́ nínú ariwo jẹnẹrétọ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ìlú Òṣogbo