Àdùkẹ́, má tíì fọkàn balẹ̀ nítorí èsì kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yẹn

Àdùkẹ́ mi,

Mo ti rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó o fi ránṣẹ́, mo sì rí nǹkan tó o kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Dádì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi wálẹ̀ gan-an, ẹ má dààmú nípa ọkàn mi mọ́." Inú mi dùn pé o lọ ṣe é o, torí àwọn tí ò tíì pé ogójì ọdún kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ọkàn sétí rárá. Ṣùgbọ́n ibòmíì lojú mi lọ lórí ìwé yẹn. CRP ẹ wà lókè, ESR náà wà lókè, àwọn méjèèjì ló ń fi hàn pé wíwú wà nínú ara, o sì ti sọ fún mi pé ọrùn ọwọ́ ẹ méjèèjì ń wú, pé tílẹ̀ bá mọ́ báyìí ìka ẹ kì í ṣeé ká. Ẹni tí làkúrègbé rúmátọ́ìdì bá ń jà lọ́wọ́, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sábà máa ń lọ sílẹ̀, àìsàn yẹn gan-an ló ń fà á sílẹ̀, kì í ṣe pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Mi ò fẹ́ kẹ́rù bà ẹ́, mo kàn fẹ́ kó o mọ nǹkan tó ń lọ nínú ara ẹ, kó o má kàn gbà á gbọ́ torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sójà ara, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lé kòkòrò àìsàn, kí wọ́n sì máa palẹ̀ ohun tó bá kú sínú ara mọ́. Nínú àìsàn tìẹ yìí wọ́n ti ṣi awọ inú oríkèé mú fún ọ̀tá, ibẹ̀ ni wíwú àti ìrora yẹn ti ń wá. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé àwọn kẹ́míkà tí àwọn sójà yìí fi ń ránṣẹ́ síra wọn, TNF, interleukin-6 àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kì í dúró sí ọrùn ọwọ́ nìkan, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí, ibi tẹ́jẹ̀ bá sì dé làwọn náà ń dé. Wọ́n á dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú CRP jáde, òun ni nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ẹ yẹn. Wọ́n á sì dé ara ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn.

Ògiri yẹn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo inú ẹ̀, kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan lọ. Tára bá le, sójà kankan ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kàn máa bẹ́jẹ̀ kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n tí LDL, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, bá wọ abẹ́ awọ yẹn tó há síbẹ̀ tó wá ń bàjẹ́, awọ náà á gbé nǹkan tó ń lẹ̀ síta, sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí wọ́n ń pè ní monocyte á lẹ̀ mọ́ ọn, á fún ara ẹ̀ gba àárín awọ kọjá, á di macrophage níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé LDL mì. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe o, ilẹ̀ ló ń palẹ̀ mọ́. Àmọ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, á máa gbé e mì títí inú ẹ̀ á fi kún, ibẹ̀ ló máa kú sí, òkú ẹ̀ á tún máa pe àwọn sójà mìíì wá.

Mo ti rí wọn fúnra mi lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Tó o bá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì tó wú ràgàjì ni, ihò funfun wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀, torí ọtí àti kẹ́míkà tá a fi ń ṣètò ẹran ara yẹn ti fọ ọ̀rá inú ẹ̀ lọ kó tó dé abẹ́ awò, àyè tí ọ̀rá wà tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ́kù. Wọ́n tò lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ò tún ní sọ mọ́ pé ọ̀rá lásán ló ń lẹ̀ mọ́ iṣan.

Ara náà kì í kàn wò ó níran, á fi awọ líle bo ibẹ̀, èèyàn sì lè máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Wọ́n yẹ ọkàn àwọn 300 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú sí ogun Kòríà wò, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1953, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 22, síbẹ̀ ó lé ní méje nínú mẹ́wàá wọn tó ti ní i nínú iṣan ọkàn. Ọmọ ọdún 22 o! Wàhálà gan-an wá ń dé nígbà tí àwọn sójà tó wà lábẹ́ awọ líle yẹn bá ń tú ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ẹ́ jáde. Awọ á fẹ́lẹ́, á ya, ẹ̀jẹ̀ á kan ohun tó wà nínú ẹ̀, á dì lójijì, iṣan á dí. Tó bá jẹ́ ti ọkàn, háàtì àtáàkì nìyẹn, tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, sítúróòkù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ibi tó ya yẹn ò tíì dí jù tẹ́lẹ̀, ìyẹn lèèyàn fi lè máa ṣe wíwọlé wíjáde ẹ̀ láìmọ nǹkan kan lára.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni o. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti ń sọ láti nǹkan bí ọdún 1856 pé wíwú, ìyẹn ìjà àwọn sójà ara yìí, wà nínú àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1913 Nikolai Anichkov ní Rọ́ṣíà fún ehoro ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ, iṣan wọn bàjẹ́, láti ìgbà yẹn ojú gbogbo èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lára ọ̀rá mọ́. Ẹ̀rí pé wíwú náà lọ́wọ́ sí i, èyí tó pa àwọn tó ń jiyàn lẹ́nu mọ́, ò dé àfi lọ́dún 2017. Àwọn 10,061 tó ti ní háàtì àtáàkì rí tí CRP wọn sì ga ni wọ́n lò, wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ canakinumab tó ń dí interleukin-1β nìkan, ọ̀kan nínú kẹ́míkà àwọn sójà yẹn, kò kan LDL rárá, síbẹ̀ nínú àwọn tó gba 150 mg, háàtì àtáàkì, sítúróòkù àti ikú ọkàn fi nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àmọ́ àwọn tí kòkòrò àìsàn pa pọ̀ sí i díẹ̀, torí o ò lè gba ìbọn lọ́wọ́ sójà kó o tún ní kó máa ṣọ́lé. Ó wá tó ọdún 2023 kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí colchicine 0.5 mg fún àìsàn ọkàn, oògùn tó ń dín wíwú kù táwọn olóògùn ti ń lò fún gáùtì látọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń sọ pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ò já mọ́ nǹkan kan, pé wíwú nìkan ni, má dá wọn lóhùn. LDL ló ń há, sójà ló ń gbé e mì, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Irọ́ tó lè pani ni kéèyàn mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Ó wá kàn ẹ́ wàyí. Ewu àìsàn ọkàn fún ẹni tó ní rúmátọ́ìdì fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹni tí ò ní in, débi pé EULAR, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Yúróòpù, sọ pé tí wọ́n bá ti fi ọjọ́ orí, BP, sìgá àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣírò ewu tán, kí wọ́n tún sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5. Wọ́n tún ní ìgbà tí àìsàn bá ti rọlẹ̀ ni kí wọ́n wọn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Nítorí náà èyí tó o ṣe yìí, tọ́jú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun la máa gbára lé. Tí oògùn bá ti mú ọrùn ọwọ́ yẹn rọlẹ̀, wàá tún un ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó gòkè díẹ̀, má jẹ́ kíyẹn jẹ́ kó o sá fún oògùn o, dókítà lè fún ẹ ní statin, oògùn tó ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀, tó bá pọn dandan.

Oògùn ẹ, mo bẹ̀ ẹ́, má fi eré ṣe é. Mo mọ̀ pé bó o bá ti rí i pé ara ń tù ẹ́ báyìí ni wàá fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo oṣù tí àìsàn yẹn bá fi ń jà ni iṣan ọkàn ẹ náà fi ń jìyà. Methotrexate yẹn, oògùn tó ń mú rúmátọ́ìdì rọlẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni, lójoojúmọ́ kọ́, ó ti pa àwọn tó ṣì í lò. Tí ìwọ àti ọkọ ẹ bá sì ń gbèrò ọmọ, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, torí òun àti oyún ò lè jọ gbé. Diclofenac tó o máa ń dédé rà lo nígbà tí ìrora bá pọ̀, mi ò fẹ́ ẹ rárá, àti òun àti ibuprofen ń fi kún ewu ọkàn, wọ́n sì ń gbé BP ga, àfi tí dókítà bá fún ẹ mọ iye àti ọjọ́. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, òun náà ń gbé BP àti ṣúgà ga, ìwọ̀nba tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fún ẹ, ṣùgbọ́n má dá a dúró lójijì láéláé.

Sìgá, o kì í mu ún, mo mọ̀, má jókòó ti ẹni tó ń mu ún náà. Máa rìn dáadáa lọ́jọ́ tára bá gbà. Fọ eyín ẹ, kó o sì jẹ́ kí wọ́n wo èrìgì ẹ. Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flú lọ́dọọdún, ìwádìí kan láti Kánádà lọ́dún 2018 fi hàn pé láàárín ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò bá ti fìdí flú múlẹ̀, ewu háàtì àtáàkì fi ìlọ́po mẹ́fà ga.

Èyí tó ń ká mi lára jù lọ nìyí. Ara ríro ti mọ́ ẹ lára, èjìká ń ro ẹ́, ọrùn ń ro ẹ́, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ lo máa ń sọ pé làkúrègbé ni. Háàtì àtáàkì obìnrin sì lè wá bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn, àgbọ̀n, apá, èébì, àárẹ̀ tí ò bójú mu, láìjẹ́ pé àyà ń dunni jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú àìsàn ẹ ló ti ní in láìmọ̀. Bí ìrora kan bá wá lójijì tí ò jọ ti tẹ́lẹ̀, tí ò sì sí oríkèé tó wú níbẹ̀, tí òógùn tútù ń bò ẹ́ tàbí tí èémí ń há, ọsibítù ni kí wọ́n gbé ẹ lọ lójú ẹsẹ̀, má pè mí lákọ̀ọ́kọ́, má sì dùbúlẹ̀ pé kó lọ.

Tó o bá padà rí dókítà, bi í pé, "Ṣé ẹ ti ṣírò rúmátọ́ìdì mọ́ ewu ọkàn mi?" kó o sì béèrè ìgbà tẹ́ ẹ máa tún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe. BP ẹ ni mi ò rí lórí ìwé yẹn rárá. Wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Mọ́mì ẹ ní kí n kí ẹ, kó o kí ọkọ ẹ náà.

Dádì ẹ