Yorùbá kọ́ ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ìwé ìròyìn yín, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan kọ sí yín láti Ìbàdàn láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé bírò. Bàbá náà ní òun ti fòfin de Yorùbá nínú ilé òun nítorí ọmọ òun tó fẹ́ ṣe WAEC, ó sì ní ìjọba àpapọ̀ ti gbè sẹ́yìn òun. Òótọ́ ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, tí wọ́n sì fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n pé Yorùbá ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, n kò gbà, mo sì ní ìdí tí n kò fi gbà.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mo ti ṣiṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun títí mo fi fẹ̀yìn tì. (Ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń tún ìdánwò ṣe máa ń kó ara wọn jọ sí fàráńdà mi ní Ìkìrun. Wọn kì í ṣe ọmọdé. Télọ̀ wà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ pánẹ́bítà. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan wà tó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni, tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gan-an, kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì dúró sí i lọ́nà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo máa ń ní kó ka ìpínrọ̀ kan sókè fún mi. Ọ̀pọ̀ wọn á kà á geere bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. N ó wá ní kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó kà fún mi. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa ń pa rọ́rọ́. Ẹnu ti pe ọ̀rọ̀ tán, ọkàn kò bá a lọ. Irú ìwé kíkà yìí ni wọ́n ń gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tí wọ́n á jáde, tí wọ́n á ní ìwé náà rọrùn, tí èsì á wá dé, tí wọ́n á ní àwọn tó ń máàkì ló kórìíra àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ pánẹ́bítà yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Mo fún un ní àyọkà kan tí mo fúnra mi kọ, nípa abúlé tí omi gbé afárá rẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó ní: "Had the elders listened, the bridge would still be standing." Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí afárá. Ó kọ ọ́ pé àwọn àgbà gbọ́rọ̀, afárá sì wà lórí ìdúró. Ó rí "listened", ó rí "standing", ó kó méjèèjì pọ̀, ó tẹ̀ síwájú. N kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin gírámà fún un o, torí wọ́n ti kà á fún un nílé ìwé, kò sì ràn án. Mo ní, "Tí ọ̀gá rẹ bá sọ pé, 'Ká ní o gbọ́ tèmi ni, ọkọ̀ yìí ì bá ṣì máa rìn,' ṣé ọkọ̀ náà ń rìn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ̀ ti kú nìyẹn, mà." Mo ní kó padà lọ ka Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Háà! Afárá ti lọ." Láti ọjọ́ náà, gbólóhùn tó bá fi "Had" bẹ̀rẹ̀ kò tún tàn án jẹ mọ́.

Bàbá Ìbàdàn, mo bẹ̀ yín, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fòfin de Yorùbá ní ilé ọmọkùnrin yẹn láti kékeré, kí ni ǹ bá fi là á yé e? Òye ohun tí kò ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Yorùbá ló fi kó o wọlé. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n fi ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e gbà hàn án.

Mo mọ̀ pé bàbá náà ní èrò rere. Òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbì kan: ọmọ wa kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa tó. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ sọ́mọ nílé, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́, kì í ṣe èyí tí WAEC ń béèrè. Ọmọ á wá gba ìdajì Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ òbí, kò sì ní í gba Yorùbá rárá. Irú wọn ló ṣòro jù láti kọ́ lórí fàráńdà mi, kì í ṣe àwọn tó ti oko wá. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kọ́ láti dákẹ́ ni, wọn kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti fàráńdà mi nìkan. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì wà ní àyè tirẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ṣẹ́ ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń gbèjà èdè wa máa ń pariwo apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń gbójú fo apá kejì, ìyẹn olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ ni kó wá.

Ó dáa, kí wá ni kí ẹni tí ìdánwò rẹ̀ ti sún mọ́lé ṣe?

Kó kọ́kọ́ mọ ibi tí máàkì wà. Ìwé ìdánwò kejì (Paper 2) ti Gẹ̀ẹ́sì WAEC, wákàtí méjì ni, máàkì 100. Àròkọ kó 50, àyọkà 20, àkékúrú tí wọ́n ń pè ní summary 30. Ìdajì ìwé náà, kíkà ni! Síbẹ̀ àròkọ ni wọ́n ń há sórí láti àárọ̀ dalẹ́, lẹ́tà sí gómìnà, lẹ́tà sí bàbá tó wà lókè òkun. Summary ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn, nígbà tí aago bá ti fẹ́ lu wọ́n pa, wọ́n á kàn gbé gbólóhùn láti inú àyọkà lódindi, wọ́n á dà á sórí ìwé. Àwọn àgbà olùmáàkì WAEC kò yé ráhùn nípa ẹ̀dà dídà yìí nínú ìròyìn wọn. Máàkì kì í sí fún un.

Ohun tí mo fi ń wo àrùn yìí sàn ni iṣẹ́ jíjẹ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá rán sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́jà pé, "Sọ fún un pé àlejò dé, kó tètè máa bọ̀, kó ra ẹja bọ̀," kò ní í sọ gbogbo bí ìyá rẹ̀ ṣe jókòó àti bó ṣe ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Nǹkan mẹ́ta ló máa mú dé ọjà. Nítorí náà, tí wọ́n bá ka àyọkà tán lọ́dọ̀ mi, wọ́n á pa á dé, ẹnì kan á kọjú sí ẹni tí kò tíì kà á, á jíṣẹ́ rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ á bi í léèrè ibi tí kò bá yé e. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó máa mú bírò, kókó kan, gbólóhùn kan, ní Gẹ̀ẹ́sì ti ara wọn, láìyọjú wo ìwé. Gẹ̀ẹ́sì náà á kọ́kọ́ rí wúruwùru. Kò burú, a ó tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru tó jẹ́ tiwọn ṣeé tún ṣe, èyí tí wọ́n dà kọ kò ṣeé ṣe nǹkan sí. Ìyá ọlọ́mọ méjì yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ ohun tí dókítà wí fún àwọn ìyá arúgbó.

Ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ ńkọ́? N kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ kíákíá. Ẹni tó bá ń dúró nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì, kó tó dé ìlà kẹta ló ti gbàgbé ìlà kìn-ín-ní. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i nísàlẹ̀, ẹ máa lọ. Ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé ìpínrọ̀ náà á fúnra rẹ̀ tú u kó tó parí. Tí WAEC bá sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀kan nínú àyọkà, kí wọ́n fi í sí àyè rẹ̀, kí wọ́n ka gbólóhùn náà jáde. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ "abandoned", "leave" kò lè wọ̀ ọ́, "left" ni.

Ibi tí ìwé ìròyìn yín ti wọ̀ ọ́ rèé, Ọ̀gá Olóòtú, ó sì lè yà yín lẹ́nu. Mo ń fi ìwé ìròyìn Yorùbá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A ó ka ìròyìn kan nínú tiyín, bóyá ti owó epo tàbí ti bọ́ọ̀lù Super Eagles. Lẹ́yìn náà, a ó wá ìròyìn kan náà nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní í dẹ́rù bà wọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì nítòsí wa ni mo ti ń ra èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, lára èyí tó fẹ́ fi wé bọ̀ọ̀lì. Ó ti lọ́jọ́ lórí, ṣùgbọ́n kíkà kò mọ ọjọ́. Ojú ewé eré ìdárayá ni ọmọ pánẹ́bítà ti kọ́ ìwé kíkà kíákíá, kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Kíákíá yìí ṣe pàtàkì o, pàápàá fún àwọn tó ń lọ JAMB. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn ní wákàtí méjì, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tòun ti àyọkà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, aago á ká a mọ́bẹ̀. JAMB sì máa ń yan ìwé ìtàn kan fún wọn láti kà, kí wọ́n lè bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, ìwé odindi kan tí ènìyàn máa kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Kí ni àwọn ọmọ wa ń ṣe? Wọ́n ń ra ìwé pẹlẹbẹ tí ẹlòmíràn ti bá wọn ké e kúrú, wọ́n ń há orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sórí. Ojú ewé ogún lóòru kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ní kí tèmi kà. Ìjà ni nígbà gbogbo.

Ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, past question, dára tí ìdánwò bá ku oṣù kan tàbí méjì, kí ojú lè mọ bí ìwé náà ṣe rí. Àmọ́ àwọn kan kò ka nǹkan mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n ti mọ̀ pé ìdáhùn kẹrìnlá jẹ́ C, wọn kò mọ ìdí tó fi jẹ́ C. Ti expo, n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i. Àwọn tó ń rà á mọ ara wọn, àwọn òbí tó ń sanwó rẹ̀ náà mọ ara wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò tóbi. Láti oṣù kìn-ín-ní títí WAEC á fi parí, ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdá mẹ́rin ojú ewé kan lọ́sẹ̀. Ẹ tẹ àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú síbẹ̀, nípa ohun tí ẹ ti sọ ní Yorùbá nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ní kí wọ́n jíṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹnì kan nínú ilé, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ bàbá tó ti fòfin dè é. Ẹ má tẹ ìdáhùn sínú ọ̀sẹ̀ kan náà, torí mo mọ àwọn ọmọ wa, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Tí ẹ bá gbà, èmi á kọ ti oṣù àkọ́kọ́ ránṣẹ́, n kò sì ní í gba kọ́bọ̀. Ìwé ìròyìn kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ti tó fún mi, kí n lè yé bá oníbọ̀ọ̀lì du tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tíṣà,
Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.